Ìkéde: Àbẹ̀wò sí Ọgbà Ìrántí àti Ibojì Aberfan

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Cardiff, a kí yín tọkàntọkàn.

Ìgbìmọ̀ ti pinnu pé ní Sátidé kẹta oṣù Kẹwàá tí ń bọ̀, a ó ṣe àbẹ̀wò sí abúlé Aberfan ní gúúsù Wales, níbi tí òkìtì ẹ̀gbin ìwakùsà èédú ti ya lulẹ̀ láti orí òkè, tó sì bo ilé ẹ̀kọ́ Pantglas àti àwọn ilé ìtòsí rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, ọdún 1966. Ènìyàn 144 ló kú, ọmọdé sì ni 116 nínú wọn. Orí ìsun omi ni wọ́n ń da ẹ̀gbin náà sí, ìgbìmọ̀ olùwádìí sì dá National Coal Board, àjọ ìjọba tó ń darí ìwakùsà èédú nígbà náà, lẹ́bi. Ohun tó ṣeé dènà ni, ìyẹn ló bà mí lọ́kàn jẹ́ jù.

Ibùdókọ̀ ojú irin Cardiff Central ni a ó ti pàdé ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. A ó sọ̀ kalẹ̀ ní Merthyr Vale, a ó sì fi ẹsẹ̀ sọdá odò Taff. Ọgbà ìrántí, tó wà níbi tí ilé ẹ̀kọ́ náà wà tẹ́lẹ̀, ni a ó kọ́kọ́ wọ̀, kí a tó gòkè lọ sí ibojì, níbi tí àwọn òkúta funfun tí a gbẹ́ bí ẹnu ọ̀nà ti tò tẹ̀ léra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọ aṣọ tó bá ọ̀fọ̀ mu, kí oníkálukú mú òdòdó dání, kí ó sì san owó ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe ya fọ́tò ní ojú oórì, nítorí pé àwọn ẹbí òkú ṣì ń gbé ní abúlé náà, wọ́n sì máa ń wá síbẹ̀. Àwọn òbí lè mú ọmọ wọn wá, bí wọ́n bá ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún wọn ṣáájú.

Ẹ fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí akọ̀wé, ó pẹ́ tán, ní Ọjọ́rú tó ṣáájú ìrìn àjò náà.