Fífẹ̀ Òbìrí Kọ́ Ni Ìdíwọ̀n Agbára Òróró Efínrín

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Inú mi dùn pé ẹ fún àyẹ̀wò òróró efínrín láyè ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nítorí ewé tó kún ẹ̀yìnkùlé wa ní ilẹ̀ Okun ni, láti Kabba títí dé Ìjùmú. Àmọ́ àkọlé tí ẹ fún un, pé òróró náà “borí oògùn òyìnbó”, kó ìdààmú bá mi gidigidi. Ọdún 21 ni mo ti fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò, irú àwo tí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ yẹn kò sì ṣàjèjì sí mi.

Àwọn olùṣèwádìí náà tẹ́ bakitéríà sójú àwo, wọ́n gbé bébà róbótó tí a kán òróró sí lé e, wọ́n sì gbé ti oògùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òbìrí tí kòkòrò kò ti lè hù fẹ̀ lára bébà olóròóró ju ti oògùn lọ. Ojú rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí bébà méjèèjì kò dọ́gba rárá. Máíkírógíráàmù 10 péré ni bébà ampicillin, oògùn apa-bakitéríà, tí à ń rà máa ń gbé, nígbà tí máíkírólítà 10 òróró, tí ọ̀pọ̀ olùṣèwádìí ń lò, wọn tó nǹkan bí máíkírógíráàmù 9,000. Bí 900 ènìyàn bá pawọ́ pọ̀ gbé igi tí ẹnì kan ń dá gbé, ta ni a ó pè ní alágbára?

Òróró yìí kì í pò mọ́ omi, ó sì tún máa ń fò lọ bí afẹ́fẹ́. Nígbà kan, mo fi bébà gbígbẹ, tí kò ní nǹkan kan lára, sínú àwo kan náà pẹ̀lú bébà olóròóró efínrín. Bí mo ti ṣí ìdérí ní òwúrọ̀, òórùn rẹ̀ gbà mí nímú, kòkòrò kò sì hù ní àyíká bébà gbígbẹ náà, nítorí òróró tó fò débẹ̀.

Ohun tó yẹ ni kí wọ́n máa bomi là á ní ìdajì-ìdajì nínú ìgò tẹẹrẹ pẹ̀lú Tween 80 tí ń mú un pò mọ́ omi, kí ìgò kan ní Tween nìkan fún ìfiwéra, kí a lè mọ ìwọ̀n òróró tó kéré jù tí ó ń dá kòkòrò dúró. Ìwọ̀n tí a nílò fún bakitéríà E. coli sábà máa ń pọ̀ ju ti bakitéríà Staphylococcus aureus lọ, nítorí awọ òde E. coli kì í tètè jẹ́ kí òróró wọlé. Ó sì yẹ kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú òróró náà, torí pé èròjà thymol ló pọ̀ nínú efínrín ibì kan, èròjà eugenol ló pọ̀ nínú ti ibòmíràn.

Ẹ̀rù ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ya ìgbẹ́ gbuuru ló ń bà mí. Omi efínrín tí ó ń fọwọ́ fún kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú òróró tí a fi ooru yọ, nítorí kílò kan ewé tútù kì í sábà mú gíráàmù 10 òróró jáde. Bí ó bá ka àkọlé yín, ó lè da oògùn dókítà nù, kí ó sì bu òróró líle bẹ́ẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu.

Mo bẹ̀ yín, ẹ béèrè iye òróró tí àwọn olùṣèwádìí náà kán sórí bébà, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn wọn jáde ní ojú ewé tí ìròyìn àkọ́kọ́ ti wáyé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò,
Kabba, Ìpínlẹ̀ Kogi.