Ta ló fún ṣíámáànù ẹ́sítéètì láṣẹ láti wọ́ mọ́tò àkàndá lọ?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ páákì mọ́tò nínú àwọn ẹ́sítéètì Àbújá yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá bó ṣe kan àwọn àkàndá ẹ̀dá tí wọ́n ń rẹ́ǹtì ilé bíi tiwa, torí ohun tójú wọn ń rí ti pọ̀ jù. Fláàtì á pọ̀ nínú kọ́ḿpáùndì, àyè mọ́tò ò ní tó ìdajì wọn, àwọn ẹkisikútífù ẹ́sítéètì á wá kọ ọ́ sára ògiri pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló nibẹ̀, ẹni tó bá sì páákì síbi tí wọn ò fẹ́, tówìn fáàn á wọ́ mọ́tò ẹ̀ lọ, ìyẹn á tún sanwó kó tó rí i gbà. Ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ dá pé lè sọ pé òfin yẹn ò burú. Ẹni tó ń lo wíìlìṣíà ńkọ́?

Bọ̀dá kan wà ní búlọ́ọ̀kù wa ní Lugbe níbí, ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú wọn ní kékeré. Fúnra wọn ni wọ́n ń wa mọ́tò wọn o, wẹ́dà kan ló so irin mọ́ abẹ́ sítíárìn fún wọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹná, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń tẹ búrèkì. Tí wọ́n bá délé, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, kí wọ́n nawọ́ fa wíìlìṣíà tó wà ní síìtì ẹ̀gbẹ́ wọn, kí wọ́n gbé e kọjá lórí itan, kí wọ́n tú u sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó wá sún bọ́ sórí ẹ̀. Tí ẹlòmíì bá ti lọ páákì mọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tímọ́tímọ́, inú mọ́tò ni wọ́n á há sí, àfi kí wọ́n máa fọn fèrè títí tẹ́nì kan á fi jáde.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi páákì síwájú búlọ́ọ̀kù lálẹ́ ọjọ́ kan, torí ibẹ̀ nìkan ló fẹ̀ tó sì sún mọ́ ilẹ̀kùn wọn. Kílẹ̀ tó mọ́, tówìn fáàn ti wọ́ mọ́tò wọn lọ. 25,000 náírà ni wọ́n gbà kí wọ́n tó yọ̀ǹda ẹ̀, irin ọwọ́ yẹn sì ti tẹ̀ kọdọrọ, ẹni tó já ilẹ̀kùn wọlé ò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, ó kàn ń fà á ṣáá ni. Mo bi mẹ́gáàdì, ó ní bàrúwáná, pé kò kan òun, ọ̀gá ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bá ṣíámáànù lọ, ó ní gbogbo téńáǹtì ló dọ́gba lójú òun.

Ṣebí òfin wà. Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tìtorí àìpé ara fìyà jẹ àkàndá, January 2019 ni. Abala 12 ẹ̀ ní kí wọ́n ya àyè sọ́tọ̀ fún wọn níbi páákì tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ẹni tí kì í ṣe àkàndá tó bá lọ gbabẹ̀ láìnídìí, fáìnì ẹ̀ ò ju 5,000 náírà lọ. Ẹ wá fi wé 25,000 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àkàndá fúnra ẹ̀. "Ti gbogbo ènìyàn" yẹn làwọn ẹkisikútífù ń sá sí lẹ́yìn, wọ́n ní ẹ́sítéètì àwọn kì í ṣe títì ìjọba. Ó dáa, àmọ́ abala kìíní òfin yìí kan náà, tó ní ká má fìyà jẹ àkàndá, ò mọ páákì nìkan, ibikíbi ló kàn, ilé-iṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ á san mílíọ̀nù 1 náírà, ẹnì kan lè san 100,000 tàbí kó fẹ̀wọ̀n oṣù 6 jura.

Mi ò ní ká di Amẹ́ríkà o, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yanjú irú ẹ̀ lọ́hùn-ún. Fair Housing Act wọn, ìyẹn òfin tó ní ká má ṣojúsàájú lọ́rọ̀ ilé, bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní 1988, ní kí onílé máa rọ òfin ilé lójú fún téńáǹtì tó jẹ́ àkàndá tó bá pọn dandan, páákì sì wà nínú ẹ̀. Ní Brooklyn, àwọn tó ń bójú tó ilé fláàtì Cadman Towers ní kí obìnrin kan tó ní multiple sclerosis, àrùn iṣan ara tí kì í jẹ́ kéèyàn lè rìn dáadáa, lọ tò sórí ìlà bíi ti gbogbo ayé kó tó ríbi páákì, kọ́ọ̀tù ní rárá, kí wọ́n fún un láyè kẹ́jọ́ tó parí, kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì kín in lẹ́yìn ní 1995. "Gbogbo wa la dọ́gba" náà làwọn yẹn kọ́kọ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ tówìn yìí gan-an ló tún ń ya mí lẹ́nu. Ní October 2, 2024, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá níbí dájọ́ pé kò sófin tó fún VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ mọ́tò wò lójú títì, láṣẹ láti máa dá mọ́tò dúró, kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n bu fáìnì fún dírẹ́bà. VIO tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ìjọba nìyẹn o! Ṣíámáànù tá a kàn dìbò fún ní mítìn-ìn ìrọ̀lẹ́ Sunday, níbo ló ti wá rí tiẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán oníròyìn yín kan sí àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ àkàndá, Àbújá níbí náà lọ́fíìsì wọn wà, kó bá wa bi wọ́n bóyá abala 12 dé inú ẹ́sítéètì àbí kò dé, kí wọ́n sọ ọ́ síta. Ẹ̀yin àkàndá tẹ́ ẹ fẹ́ gbalé tuntun, kí lándìlọ́ọ̀dù kọ ibi páákì yín sínú àgíríìmẹ́ǹtì kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ má gba tẹnu ẹjẹ́ńtì gbọ́. Rẹ́ǹtì bọ̀dá wa yìí ti fẹ́ pé, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ bóyá káwọn tún san òmíràn, nítorí náà ẹ bá wa tètè gbé e jáde.

Èmi ni tiyín,
Ayálégbé kan ní Lugbe, Àbújá