Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ikọ̀ Tó Béèrè Ẹ̀rí

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀.

Òwe 13:17 sọ pé olóòótọ́ ikọ̀ a máa mú ìlera wá. Nígbàkúgbà tí mo bá ka ẹsẹ yìí, John Bigelow, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1817, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Olóòtú ìwé ìròyìn New York Evening Post ni. Nígbà náà, àwọn tó fẹ́ràn ìfiniṣẹrú ń pariwo pé Jàmáíkà ti bàjẹ́ látìgbà tí wọ́n ti tú àwọn ẹrú sílẹ̀, pé ọ̀lẹ ni ènìyàn dúdú. Bigelow wọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀ ní 1850, ó fojú ara rẹ̀ rí i. Ó kọ̀wé padà pé ẹ̀bi àwọn onílẹ̀ ńláńlá ni, àwọn tó jókòó sí Ìlú Ọba tí wọ́n ń jẹ èrè oko tí wọn kì í dé. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá o. Ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí òwò ẹrú gbé dé Jàmáíkà. Ibì kan wà níbẹ̀ títí dòní tó ń jẹ́ Abẹ́òkúta.

Ní 1861, Ààrẹ Lincoln rán an lọ sí Paris gẹ́gẹ́ bíi kọ́ńsúlù, ìyẹn ikọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà níbẹ̀. Ogun abẹ́lé ti bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn ará Gúúsù tí kò fẹ́ fi ẹrú sílẹ̀ sì ń wá ọkọ̀ ogun kiri. Ní oṣù Kẹsàn-án 1863, ọkùnrin ará Faransé kan wá bá a ní ọ́fíìsì, ó ní wọ́n ń kan ọkọ̀ ogun fún Gúúsù ní Bordeaux àti Nantes, wọ́n sì ń purọ́ pé òkun Ṣáínà ni ọkọ̀ náà ń lọ.

Ẹlòmíràn ì bá ti ké gbàjarè lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Bigelow mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò lè ṣe nǹkan kan. Ìwé ló fẹ́ rí. Ìwé náà sì dé, títí kan àṣẹ tí ìjọba Faransé fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí pé kí wọ́n to ìbọn ńlá sínú ọkọ̀. Ó kó wọn fún Dayton, aṣojú àgbà Amẹ́ríkà ní Faransé, ìyẹn gbé e lọ bá mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Faransé. Wọn ò rí i sẹ́. Nígbẹ̀yìn, wọ́n gba àṣẹ náà padà, wọ́n ta ọkọ̀ wọ̀nyẹn fún orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹyọ kan péré, Stonewall, ló padà dọ́wọ́ Gúúsù, ní 1865 tí ogun ń parí lọ.

Ikọ̀ ni Pọ́ọ̀lù pe àwa náà, ikọ̀ Kristi (2 Kọ́ríńtì 5:20). Ó sì ń dùn mí gan-an bí a ti ń gbé ẹjọ́ ará wa kiri láàárín ìjọ yìí láìwádìí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, láti ọ̀sẹ̀ yìí, ẹni tó bá fẹ́ mú ẹjọ́ ẹnikẹ́ni wá sọ́dọ̀ mi, kó kọ́kọ́ lọ bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, bí Jésù ti pa á láṣẹ ní Mátíù 18:15. Bí kò bá gbọ́, ẹ mú ẹlẹ́rìí dání. Mo wà ní ọ́fíìsì ìjọ ní gbogbo Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì.