Kì Í Ṣe Àìmọ̀-ọ́n-yà Ló Gba Ìgúnpá Lọ́wọ́ Felix

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo fẹ́ fèsì sí lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa kàtúùnù Amẹ́ríkà àtijọ́, èyí tí apá àti ẹsẹ̀ wọn máa ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọ̀pá rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà. Ó ní àwọn tó yà á kò tíì mọ àwòrán yà ni, pé ìgbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n tán ni wọ́n pa á tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní yíyà àwòrán kí n tó fẹ̀yìn tì. N kò lè ka irú èyí kí n sì panu mọ́.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ya ọkùnrin kan tó ń rìn sí etí ìwé wọn, ojú ewé kan, ìṣísẹ̀ kan, kí wọ́n wá fi àtàǹpàkò ṣí i wàrà-wàrà. Ẹni tó bá ya ìgúnpá àti orúnkún, ọkùnrin tirẹ̀ á máa gbọ̀n jìgìjìgì bí ẹni tí èèrà wọ ṣòkòtò rẹ̀, torí pé ìgúnpá náà kì í dúró síbi kan láti ojú ewé kan dé èkejì. Ẹni tó fi ìlà kan ṣoṣo tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ ṣe apá, ọkùnrin tirẹ̀ á máa yọ́ lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Ọwọ́ wọn ló sọ fún wọn.

Ohun tí àwọn ayàwòrán kàtúùnù ní New York rí náà nìyẹn. Ọdún 1919 ni ológbò Felix jáde láti iléeṣẹ́ Pat Sullivan, Otto Messmer ló yà á, ara rẹ̀ sì rí igun-igun nígbà náà. Ayàwòrán kan, Bill Nolan, ni wọ́n máa ń dárúkọ bí ẹni tó sọ orí rẹ̀ di rìbìtì, tó sì yọ eegun kúrò ní apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo iye iṣẹ́ tó wà níbẹ̀: láti ìgbà tí sinimá ti ń fọhùn, àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ayàwòrán bá tilẹ̀ lo ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kàtúùnù ìṣẹ́jú mẹ́fà ṣì máa gba àwòrán tó lé ní 4,000. Ta ni yóò máa wọn ìgúnpá nínú gbogbo ìyẹn?

Ṣùgbọ́n ká má pè é ní ọgbọ́n àtisáré nìkan. Iléeṣẹ́ Fleischer, tó wà ní New York kan náà, ní ẹ̀rọ kan tó ń tan fíìmù ènìyàn gidi sórí gíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ayàwòrán lè fi pẹ́ńsùlù tọ ipa rẹ̀. Max Fleischer fúnra rẹ̀ ló ṣe é, wọ́n sì fún un ní ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1917. Ní 1932, wọ́n ya fíìmù olórin jáàsì kan, Cab Calloway, níbi tó ti ń jó, wọ́n tọ ipa ijó náà, wọ́n sì fi í wọ iwin ẹranko òkun kan. Gbogbo oríkèé eegun ló pé síbẹ̀! Iléeṣẹ́ yẹn kan náà ló sì ń fi ẹsẹ̀ rọ́bà ya àwọn tó kù. Ṣé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yà nìyẹn, àbí ẹni tó yan èyí tó wù ú?

Kí ló wá pa àṣà apá rọ́bà yìí? Ìfẹ́ Disney láti mú ènìyàn sunkún wà lára rẹ̀. Ní 1932 ó mú Don Graham wá kọ́ àwọn ayàwòrán rẹ̀ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, nígbà tó sì fi máa di 1937, fíìmù Snow White, ìtàn ọmọbìnrin ọba kan, ti jáde. Èrò ìwòran gbọ́dọ̀ bẹ̀rù fún ọmọbìnrin yẹn. Ẹni tí kò ní eegun, kí ni yóò ṣẹ́ lára rẹ̀ tí a ó fi bẹ̀rù?

Ọmọ ọmọ mi ló gbé e padà wá síwájú mi, nínú géèmù Cuphead. Ó rò pé géèmù ayé àtijọ́ ni. Mo ní, 2017 ló jáde, àwọn ọmọ ìyá méjì ará Kánádà, Chad àti Jared Moldenhauer, ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n fi ilé wọn yá owó kí wọ́n lè parí rẹ̀. Orí bébà ni wọ́n ti fọwọ́ ya àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Mo jókòó tì í fún wákàtí méjì. Ó ń bínú pé òun ń kú, èmi ń ka àwòrán.

Kí n má fi ọ̀kan pamọ́ ṣá. Ìbọ̀wọ́ funfun tí wọ́n máa ń yà sí ọwọ́ àwọn ẹ̀dá kàtúùnù wọ̀nyí ń jẹ́ kí ọwọ́ hàn lára èyí tí a kùn ní dúdú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun àti ẹnu gbàǹgbà yẹn tún jọ ti eré tí àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà fi ń kun ojú ní dúdú láti fi aláwọ̀ dúdú ṣẹ̀sín. Bosko, ẹ̀dá kàtúùnù kan ti 1930, kò tilẹ̀ fi bò. Nígbà tí wọ́n bá ń jí àṣà náà dìde, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti fa ìlà wọn yọ, kì í ṣe ní ìgúnpá.

Paríparí rẹ̀, àwòrán Mickey Mouse, eku Disney, tí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà yẹn kò bá ọ̀rọ̀ mu. Ó ní ọmọlójú nínú ojú funfun, 1939 ló sì gba irú ojú bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tún fẹ́ tẹ ọ̀kan, ẹ mú ti Steamboat Willie, ti oṣù kọkànlá 1928, níbi tó ti ń lu eyín màlúù bí ìlù. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2024, òfin Amẹ́ríkà ti sọ fíìmù yẹn di ti gbogbo ènìyàn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ yíyà àwòrán tó ti fẹ̀yìn tì