"Kindergarten" kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Nínú àpilẹ̀kọ yín lórí owó ilé-ìwé, ẹ kọ ọ́ pé "kindergarten" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe jẹ́léósinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un ṣe.

Àwọn ará Jámánì ló ni ọ̀rọ̀ náà. Kinder ni àwọn ọmọdé, Garten ni ọgbà. Ẹ wo "t" tó wà láàárín rẹ̀, "d" ni Gẹ̀ẹ́sì ì bá fi síbẹ̀. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé ibi tí a fi nǹkan yí ká ni ìpìlẹ̀ Garten. Ọgbà tiwa náà ńkọ́? Ibi tí a gbin òdòdó sí, ọgbà ni. Ohun tí a fi yí ilé ká, ọgbà náà ni. Èdè méjì tí kò bára tan rárá!

Friedrich Fröbel, olùkọ́ kan tó jẹ́ ará Jámánì, ló sọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní orúkọ yìí lọ́dún 1840, ní ìlú Blankenburg, lágbègbè Thüringen ní Jámánì. Kì í sì í ṣe àfiwé lásán. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ebè kékeré tirẹ̀ tó ń gbin nǹkan sí. Ìjọba Prussia, ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ilẹ̀ Jámánì ayé ìgbà yẹn, fòfin de irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1851; ọdún 1860 ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà, Fröbel sì ti kú láti 1852.

Jẹ́léósinmi, ẹnu òbí lorúkọ yẹn ti wá: ẹ kó wọn lọ, kílé lè sinmi. N kò bú u o, ibẹ̀ lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ni orúkọ ti Fröbel ń wò.

Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, wà ní kíláàsì tí wọ́n kọ "Kindergarten" gàdàgbà sí lẹ́nu ọ̀nà. Kọnkéré ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, iṣẹ́ àṣetiléwá ojú ìwé mẹ́ta ló gbé wálé. Mo ní kó gbé ìwé sílẹ̀ ná, a jọ gbin hóró àgbàdo márùn-ún sínú agolo mílíìkì lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí wọ́n hù, ó ti jí ṣáájú mi. Ìdí agolo ni mo bá a, ó lóṣòó, ó ń fi ìka kan ṣoṣo kan ewé wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn.