Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún Oṣù Kìíní

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2026, ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun wa tó ti kú. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe, wọn a máa gbé òdòdó lọ sí ibojì ọmọ ogun aláìlórúkọ ní Àbújá, wọn a fọn fèrè, wọn a yìnbọn sókè, Ààrẹ a sì tú ẹyẹlé sílẹ̀. (Àwọn ọdún kan wà tí ẹyẹlé kọ̀ tí kò fò, tí àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá tú sílẹ̀ ló ń lọ.)

Láyé òyìnbó, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá la máa ń ṣe ìrántí yìí, torí pé ọjọ́ náà, ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, ni ìbọn dákẹ́ nínú ogun àgbáyé kìíní lọ́dún 1918. Àwọn bàbá wa tó ja ogun Hitler dé Burma náà, ọjọ́ òyìnbó yẹn la fi ń rántí wọn. Ìgbà tí ogun abẹ́lé tiwa parí ni ìjọba yí i padà. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970, Ọjọ́bọ̀ bíi ti ọ̀sẹ̀ yìí, ni Philip Effiong, tó ń darí Biafra, ìhà Ìlà-Oòrùn tó ya kúrò lára Nàìjíríà, wá bá Gowon, olórí ìjọba ológun wa, ní Dodan Barracks l'Ékòó, tó sọ níṣojú rẹ̀ pé Biafra ti parí. Oṣù 30 ni wọ́n fi ja ogun náà. Àwọn tí ebi pa níbẹ̀, pàápàá àwọn ọmọdé, kò lóǹkà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ yìí ní ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n náà la kì í sì í fẹ́ dárúkọ. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọ̀gá sójà tí ọjọ́ orí wọn ò tíì tó nǹkan gbé ìbọn. Wọ́n pa Tafawa Balewa, olórí ìjọba. Wọ́n pa Ahmadu Bello ní Kàdúná, wọ́n pa Akíntọ́lá n'Íbàdàn. Ní Kàdúná yẹn kan náà, wọ́n wọlé tọ Ọ̀gágun Samuel Adémúlẹ́gun, ọmọ Oǹdó, wọ́n pa tọkọtìyàwó. Nígbà tó di oṣù Keje, ẹ̀san dé: wọ́n pa Ironsi, ọ̀gá ológun tó gba ìjọba lẹ́yìn ti oṣù Kìíní yẹn, wọ́n pa Fájuyì tó gbà á lálejò n'Íbàdàn mọ́ ọn. Láti ibẹ̀ dé ojú ogun, ọ̀nà ò jìn mọ́. Ọdún 60 gééré ló pé lọ́sẹ̀ yìí.

Ọjọ́ tí wọ́n fi ìbọn da ilé rú àti ọjọ́ tí wọ́n gbé ìbọn sílẹ̀ wá di ọjọ́ kan náà lórí kàlẹ́ńdà. Èmi ò rò pé ó yẹ ká fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Púrímù, ọjọ́ àsè ni fún àwọn Júù. Síbẹ̀ nígbà tí Ẹ́sítérì àti Módékáì ń fi í lélẹ̀, wọ́n kọ àwẹ̀ àti igbe wọn mọ́ ọn (Ẹ́sítérì 9:31). Ẹni tó bá ń jẹ àsè náà yóò rántí pé ẹkún ló ṣáájú.

Ẹ ka Sámúẹ́lì Kejì orí kìíní kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ṣọ́ọ̀lù tó lé Dáfídì kiri bí ẹni ń lé àparò lórí òkè kú sógun, Dáfídì ò lu ìlù. Ó fa aṣọ ya, ó gbààwẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó sun arò, ó ní kí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ Júdà. Mo ti wá inú arò yẹn títí, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ nípa ọ̀kọ̀ tí Ṣọ́ọ̀lù jù sí i. Gowon náà ní nígbà tí ogun parí pé kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Bí a ṣe mú un ṣẹ, ìyẹn ni mi ò lè sọ̀yà lé.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan nínú ìjọ wa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Pásítọ̀, wọ́n ní ọkọ mi kú sógun, wọn ò sọ ọjọ́ tó kú fún mi. Àwọn opó ẹgbẹ́ mi ní ọjọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí ọkọ wọn. Èmi, 15 yìí náà ni mo ní." Mi ò rí èsì fọ̀. Kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ètò ìjọba lásán ni mo ka ọjọ́ náà sí, mo sì máa ń ráhùn pé ìkéde rẹ̀ ti ń gùn jù.

Nítorí náà, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, a ó pé jọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kò ní sí ìwàásù. Ẹni tó bá ní èèyàn tó bógun lọ, ogun yòówù kó jẹ́, kó kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé, kó fi lé akọ̀wé ìjọ lọ́wọ́, a ó kà á sókè. Bí ẹni rẹ bá jà níhà Biafra, mú orúkọ rẹ̀ wá. Bó jẹ́ ọmọ tí ebi pa ni, mú tirẹ̀ náà wá. Ìyá yẹn ti mú ti ọkọ rẹ̀ wá. Òun la ó kọ́kọ́ kà.