Àjàní, abo ni kí o máa ṣọ́

Òmù-Àrán,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
20 oṣù Kẹwàá, 2025.

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ẹ kú ìfaradà òtútù Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Àwọn àwòrán àgbọ̀nrín tí àwọn kámẹ́rà tí o gbé sínú igbó ọdẹ rẹ yà, tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, dé ọwọ́ mi. Akọ oníwo ńlá yẹn wù mí gan-an! Ṣùgbọ́n wo aago tó wà nísàlẹ̀ àwòrán rẹ̀: òru ni gbogbo rẹ̀. O sì ní ńṣe lò ń pa àwòrán àwọn abo rẹ́ kí káàdì tí kámẹ́rà ń tọ́jú àwòrán sí má baà kún. Dákun, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn abo yẹn gan-an ni o fẹ́ wá.

Ìgalà ilé wa níhìn-ín kò ní àsìkò kan pàtó, yípo ọdún ni wọ́n ń bímọ. Àgbọ̀nrín ọ̀dọ̀ yín kò rí bẹ́ẹ̀, o rántí bí a ṣe máa ń rí i nígbà tí mo wà níbẹ̀. Bí ọ̀sán bá ti ń kúrú sí i nígbà ìwọ́wé ni ara akọ ń yí padà fún gígùn, ìyẹn àsìkò tí akọ ń wá abo gùn, tí ó máa ń le jù lọ láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti ìdajì oṣù Kọkànlá. Abo kì í gba akọ ju bí ọjọ́ kan sí méjì lọ. Bí kò bá lóyún, ó di bí ọjọ́ 28 kó tó tún gbà. Ìdí nìyẹn tí akọ fi ń gbàgbé oúnjẹ, tí ó ń wá abo kiri lọ́sàn-án gangan. Èyí tí o ti ń wò láti oṣù Kẹjọ lè pòórá, kí àlejò kan sì yọ sí ọ.

Nítorí náà, gbé kámẹ́rà kan kúrò létí oko àgbàdo. Gbé e lọ sí ẹ̀bá ibi tí àwọn abo ń sùn, ní ìhà tí afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn wọn lọ. Akọ kì í sábà wọ àárín wọn; imú ló fi ń yẹ̀ wọ́n wò láti ibẹ̀. Èkejì, fi sí ibi tí igbó ti fún láàárín oko méjì. Ibi tí akọ fi pátákò ha ilẹ̀ sí lábẹ́ ẹ̀ka igi dára nísinsìnyí láti fi mọ àwọn akọ tó wà ní àdúgbò, ṣùgbọ́n òru ni wọ́n ń wá síbẹ̀ jù, wọ́n á sì pa á tì bí gígùn bá ti bẹ̀rẹ̀. Má lúgọ tì í.

Kọjú kámẹ́rà sí àríwá kí oòrùn má ba àwòrán jẹ́. Bátìrì lithium ni kí o rà, òtútù kì í tètè pa á.

Ohun tó ń dùn mí jù ni bí o ṣe ń lọ yọ káàdì lójoojúmọ́. Bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, kì í wọ igbó bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́. Ẹran á ti gbóòórùn rẹ, á sì yà lọ kí o tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí owó bá wà, ra kámẹ́rà tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù. Bí kò bá sí, jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kí o lọ lọ́sàn-án nígbà tí òjò ń ṣẹ́.

Àsìkò tí wọ́n ń fi ìbọn ṣọdẹ níbẹ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ títí di Sátidé tó ṣáájú Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọwọ́ ìparí oṣù Kọkànlá, ọ̀pọ̀ abo á ti gbà nígbà yẹn. Ọfà rẹ ni kí o tọ́jú.

Kó àwòrán àwọn abo tó kù ránṣẹ́ sí mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí o kọ ìhà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyá wa ní Òkè-Òde ní kí n kí ọ, wọ́n ti fi iṣu rẹ pamọ́ de Kérésìmesì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àkànní